Gìtá tòkunbọ̀ tó ti fọ́: bí mo ṣe yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sanwó

Gìtá náà jẹ́ Yamaha F310, tòkunbọ̀, lọ́wọ́ ọlọ́jà kan l'Ékòó. Àbùkù mẹ́ta ló hàn sójú: pákó iwájú là ní sẹ̀ǹtímítà 9 láti etí ihò, bíríìjì (igi tí okùn so mọ́ lórí ikùn gìtá) ti ń ṣí lẹ́yìn, okùn sì ga débi pé ìka ń roni láti fúrẹ́ẹ̀tì karùn-ún lọ (fúrẹ́ẹ̀tì ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn). 60,000 náírà ló pè é. Ibi tó là ni ojú gbogbo èèyàn máa ń lọ, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló ń pa gìtá. Ọrùn ni.

Mo mú rúlà irin oní-sẹ̀ǹtímítà 60 dání, pẹ̀lú rúlà kékeré tó ní ìlà mìlímítà, bébà pélébé kan, dígí kékeré, àti fóònù tó ní áàpù tí a fi ń fa okùn sí ohùn.

Mo bá okùn ní dídẹ̀. Ẹ fura sí gìtá tí wọ́n bá dẹ okùn rẹ̀ kí ẹ tó dé. Okùn mẹ́fà onírin tí a fà dójú ìwọ̀n ń fi agbára tó lé ní kílò 60 fa bíríìjì. Tí wọ́n bá dẹ̀ ẹ́, bíríìjì á sùn padà, ikùn gìtá á tẹ́jú, gbogbo ẹ̀ á dà bíi pé ó pé. Mo fà á dé E, A, D, G, B, E, ohùn tó yẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo gbé e sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ọlọ́jà ní, "Ẹ̀gbọ́n, okùn tuntun ló kàn fẹ́." Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo padà wò ó, ẹ̀yìn bíríìjì ti ṣí ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọrùn ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mo tẹ okùn kẹfà, èyí tó nípọn jù, mọ́ fúrẹ́ẹ̀tì kìíní àti ìkẹrìnlá lẹ́ẹ̀kan náà, mo wo àlàfo tó wà lókè ìkeje. Mìlímítà 0.2 sí 0.3 ló dáa. Bí káàdì ATM bá ráyè wọ ibẹ̀, ọrùn ti tẹ̀ jù, àmọ́ ọ̀pá irin inú ọrùn lè tún ìyẹn ṣe, bí ẹnu ibi tí wọ́n ti ń yí i kò bá tíì jẹ. Káàdì kò wọlé.

Ìdánwò tó ń dájọ́ ló tẹ̀ lé e. Mo gbé rúlà gígùn lé orí àwọn fúrẹ́ẹ̀tì láàrin okùn kẹta àti ìkẹrin, láti fúrẹ́ẹ̀tì kìíní, kí orí rẹ̀ lè dé bíríìjì. Bí orí rúlà bá gùn lé òkè bíríìjì, tàbí tó kàn gbá etí òkè rẹ̀, ọrùn ṣì wà ní ìdúró rẹ̀. Bó bá gbá a níwájú, tó sì fi mìlímítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rẹlẹ̀ ju òkè bíríìjì lọ, okùn ti fa ọrùn síwájú. Kò sí ohun tó wo ìyẹn sàn ju kí wọ́n tú ọrùn kúrò kí wọ́n tún un dè, owó iṣẹ́ náà sì máa ń ju owó irú gìtá yìí lọ. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, bí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ pàápàá, n kò ní gbà á. Èyí fi nǹkan bí ààbọ̀ mìlímítà péré rẹlẹ̀.

Kí ló wá gbé okùn ga? Ní fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá, okùn kẹfà fi mìlímítà 3.4 jìnnà sí irin, 2.6 ni mo fẹ́. Bébà wọ abẹ́ ẹ̀yìn bíríìjì dáadáa, ẹnu ibẹ̀ sì ṣí tó mìlímítà 1.5. Egungun funfun tí okùn gùn lé wà láàrin bíríìjì, nítorí náà òun gbéra ní ìdajì ìyẹn, nǹkan bíi 0.7. Ohun tó bá gbé egungun sókè, ìdajì rẹ̀ ló ń dé fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá. Bí bíríìjì bá padà sùn, 3.4 á di nǹkan bíi 3.1. Láti ibẹ̀ dé 2.6, mo ní láti ha mìlímítà 1 kúrò nídìí egungun. Ó yọ mìlímítà 4 lókè bíríìjì. 3 á ṣẹ́ kù, ó ṣì tó. Gìtá tí egungun rẹ̀ ti rẹlẹ̀ tí okùn rẹ̀ sì ga, ẹ sá fún un: ẹnìkan ti ha á tán ṣáájú yín.

Mo wo etí bíríìjì bóyá súpà gúlù ti gbẹ síbẹ̀. Kò sí. Mo ti dígí àti iná fóònù bọ inú ihò: àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ inú lẹ̀ dáadáa, mo sì fi ìka kan pákó yí ká, kò sí èyí tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì.

Ní ti ibi tó là, etí ihò fi hàn pé plywood ni: ìpele igi ló wà níbẹ̀, ìlà ojú pákó kò wọ inú lọ. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ọ̀kankan kò yẹ̀. Ìpele òkè nìkan ló là. Ká ní pákó kan ṣoṣo ni, tí ọyẹ́ là á dé inú, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Fúrẹ́ẹ̀tì jẹ díẹ̀ lábẹ́ okùn kìíní àti ìkejì, okùn kò sì gbá irin fúrẹ́ẹ̀tì níbì kankan bí mo ṣe ń ta á. Ẹ̀yìn orí gìtá, níbi tó ti pàdé ọrùn, kò sán.

Mo fi bíríìjì àti egungun dúnàá-dúrà, n kò mẹ́nu ba ibi tó là. A parí ẹ̀ sí 38,000.

Nílé, mo fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí mo yá lórí iná ṣí bíríìjì kúrò, mo ha gúlù àtijọ́ àti fáníìṣì abẹ́ rẹ̀ dé ara igi. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́: gúlù orí fáníìṣì kì í pẹ́ ṣí. Mo fi gúlù funfun àwọn káfíńtà lẹ̀ ẹ́, mo fi kíláǹpù ọlọ́wọ́ gígùn dè é láti inú ihò fún wákàtí 24, mo sì dúró ọjọ́ kan sí i kí n tó ta okùn. Okùn tín-ín-rín, oní-nọ́ńbà 11, ni mo ta sí i, kí bíríìjì lè simi. Mo wọn fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá: 2.5.