Bí a ṣe ń ra àmì ẹ̀yẹ ológun Potogí ti ìgbà ogun Napoleon, tí a sì ń tọpasẹ̀ ẹni tó ni ín

Ìṣòro àmì ẹ̀yẹ Potogí ìgbà náà ni pé kì í sábà ní orúkọ lára. Mẹ́dà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1847 fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó ja ogun kan náà ní orúkọ ẹni tó ni ín létí. Nítorí náà, ìwé ló ń sọ ẹni tó ni ti Potogí. Ẹ fi owó yín sí èyí tí ìwé bá a rìn, kódà bí ó bá ti ha ju èyí tó ń dán yanran lọ.

1. Ẹ mọ ohun tí ẹ ń wá. João Kẹfà, ọba Potogí, dá Cruz da Guerra Peninsular (Àgbélébùú Ogun Peninsular) sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 1816. Rio de Janeiro ló wà nígbà náà, nítorí ààfin ti sá lọ sí Bràsíl ní ìparí 1807 nígbà tí ọmọ ogun Junot, ọ̀gágun Faransé, ń wọ Lisbon. Àwọn ọ̀gágun ni wọ́n ń fún. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ni iye sáà ogun tí onítọ̀hún jà: 1 sí 3 jẹ́ fàdákà, 4 sí 6 jẹ́ wúrà. Bí ẹ bá rí 7, ẹ gbé e kalẹ̀.

Àmì ẹ̀yẹ Torre e Espada (Ilé-ìṣọ́ àti Idà) tún ṣe kókó. Wọ́n jí i dìde ní 1808, pàápàá kí wọ́n lè fi yẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí kì í ṣe Kátólíìkì sí. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni kí ẹ kà: VALOR E LEALDADE ni ti ìgbà ogun. Bí MÉRITO bá wà níbẹ̀, ó di 1832 síwájú, ohun yòówù kí olùtà sọ.

2. Ẹ wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù ni kí ẹ lò. Ẹ tú rííbọ̀nù kúrò, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n, ẹ dá a padà sí òdo, kí ẹ fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ so àgbélébùú náà rọ̀ sínú omi kí ó rì tán láìkan ìsàlẹ̀ ife. Ẹ fi ohun tí òṣùwọ̀n kà pín ìwọ̀n àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ 12.60 ní gbígbẹ, tí ó sì ka 1.20 nínú omi, èsì jẹ́ 10.5, ìyẹn fàdákà. Wúrà tí wọ́n pò mọ́ irin mìíràn sábà máa ń ju 13 lọ. Idẹ kì í ju nǹkan bí 8.5. Ìfófòó afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn nínú omi àti ẹ̀námẹ́lì máa ń fa èsì wálẹ̀, nítorí náà ẹ má fi èsì yìí nìkan dájọ́. Bí ẹ̀námẹ́lì bá ti sán, ẹ má ri í bọ omi rárá, nítorí omi á gba ojú sísán wọlé.

3. Ẹ fi awò wò ó. Èyí tí wọ́n fi àdàkọ dà máa ń ní ihò wẹ́wẹ́, etí lẹ́tà rẹ̀ á sì rọ̀. Ẹ̀námẹ́lì àtijọ́ jẹ́ gíláàsì, ó ń sán bí gíláàsì. Èyí tí wọ́n fi ike tún ṣe máa ń ṣú. Rííbọ̀nù tuntun kò sọ àmì ẹ̀yẹ di ayédèrú, wọ́n ti ń pààrọ̀ rẹ̀ tipẹ́.

4. Ẹ wá ọkùnrin náà. Ibí yìí ni adùn iṣẹ́ náà wà. Arquivo Histórico Militar, ibi ìpamọ́ ìwé àtijọ́ ti ológun, ní Lisbon ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni Livros Mestres wà, ìwé tí wọ́n ń kọ ọmọ ogun rẹ́jímẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan sí: orúkọ òbí, ìlú tí wọ́n bí i sí, ọjọ́ tó wọṣẹ́, ìgbéga rẹ̀. Ẹ wá orúkọ ní àkọtọ́ àtijọ́ pẹ̀lú: Manoel, Jozé, Luiz. Orúkọ kan náà pọ̀ jọjọ, nítorí náà orúkọ òbí àti ìlú ni ẹ óò fi yà wọ́n.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwé dán àgbélébùú wò. Ẹni tó wọṣẹ́ ní 1813 kò lè ní nọ́ńbà 3, nítorí ogun parí ní 1814. Bí wọ́n bá ní ọ̀gágun kan jà ní Bussaco ní Potogí ní oṣù Kẹsàn-án 1810 pẹ̀lú báẹ̀tálíọ̀nù kẹsàn-án ti Caçadores (ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tí ẹrù wọn fúyẹ́), irọ́ ni: 1 sí 6 ló wà nígbà náà, 1811 ni 7 sí 12 dé.

Àwọn Potogí kan tún jà fún Napoleon nínú Legião Portuguesa, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Potogí lábẹ́ Faransé, dé Wagram ní Ọ́síríà àti Rọ́ṣíà. Bí Légion d'honneur, àmì ẹ̀yẹ Faransé, bá wà lára ẹrù yín, ẹ wá orúkọ ẹni náà nínú àkójọ Léonore ti Faransé lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

5. Ìtọ́jú. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín tàbí ohun ìdán pa á. Àpò ike PVC máa ń yọ ọ̀rá aláwọ̀ ewé sí irin lára. Bébà tí kò ní ásíìdì ni kí ẹ fi wé e, kí ẹ sì gbé rííbọ̀nù jìnnà sí oòrùn. Ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti etí rẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, kí rìsíìtì gbàǹjo sì wà nínú fáìlì kan náà.