Bẹ́ ẹ ṣe máa wá slope àti equation ìlà tó tọ́, kí máínọ́ọ̀sì má bàa gbé yín ṣubú

Kubwa níbí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn nírọ̀lẹ́, ojú mi ti rí oríṣiríṣi lórí ìṣirò yìí, kì í ṣe pé ó le o, máínọ́ọ̀sì ló ń dà wọ́n láàmú.

Slope ò ju pé tẹ́ ẹ bá sún ilé kan sápá ọ̀tún lórí gíráàfù, ilé mélòó lẹ máa fi gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀. Wọ́n tún máa ń pè é ní gradient nínú WAEC, ìkan náà ni. Tẹ́ ẹ ò bá ní graph book, ìwé ìṣirò àwọn ọmọ primary tó ní ilé kéékèèké yẹn náà á ṣe é.

Ó yá, ẹ mú póìntì méjì, (2, 5) àti (-1, -4). Nínú bráákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà tó ṣíwájú ni x, èyí tó tẹ̀ lé e ni y. Ẹ kọ x1, y1 sórí àkọ́kọ́, x2, y2 sórí èkejì. Àwọn ọmọ á ní ó ń jẹ àkókò, ẹni tí ò bá kọ ọ́ lọ́dọ̀ mi, mo máa gba bíírò ẹ̀ ni.

Ẹ yọ y kan kúrò nínú èkejì, ẹ ṣe x náà bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ti x pín ti y. Ibí gan-an ni wàhálà wà. Póìntì tó bá ṣíwájú lókè, òun náà ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú nísàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ wọn láàárín ọ̀nà, 3 á di -3, ìlà tó ń gòkè á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni 5 - (-4). Wọ́n á gbé bráákẹ́ẹ̀tì jù nù, wọ́n á kọ 5 - 4, wọ́n á kọ 2 - 1, slope á di 1, wọ́n á sì fi ìdùnnú fa ìlà sábẹ́ ẹ̀! Kalukulétọ̀ ò lè gbà yín níbẹ̀, ohun tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ló máa ṣe. Ẹ wò ó bíi gbèsè: tí wọ́n bá yọ gbèsè ẹgbẹ̀rún mẹ́rin kúrò lọ́rùn yín, ṣé owó yín ò lọ sókè ni? Torí náà lókè jẹ́ 9, nísàlẹ̀ 2 - (-1) jẹ́ 3, slope jẹ́ 3. Èmi bíírò pupa ni mo fi ń kọ máínọ́ọ̀sì, ẹ̀yin náà ẹ ra ọ̀kan.

Equation ò le mọ́: y = mx + c, m ni slope, c ni ibi tí ìlà ti gba orí y-axis kọjá. Ẹ fi (2, 5) sí i, 5 = 3 × 2 + c, ìyẹn 5 = 6 + c, c jẹ́ -1, ó di y = 3x - 1.

Tí x méjèèjì bá jọra, bíi (4, 1) àti (4, 7), ẹ má pín nǹkan kan, òdo ló wà nísàlẹ̀. Ìlà yẹn dúró ṣánṣán bí òpó iná, kò ní slope, x = 4 lẹ máa kọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ yín wò, póìntì tẹ́ ẹ ò fi wá c ni kẹ́ ẹ lò. Èyí tẹ́ ẹ ti lò á máa gbè yín lẹ́yìn ni, kódà kí slope yín ti bàjẹ́. Ẹ fi -1 sí x: 3 × (-1) - 1 = -4. Ó wọlé.