Títọ́jú Bátìrì Ilé Nínú Ọkọ̀ ní Ìgbà Òtútù

A kọ ìwé yìí fún àwọn tí ó sọ bọ́ọ̀sì di ilé ní Ìlú Ọba, tí bátìrì ilé wọn, ìyẹn èyí tó ń fún iná àti ẹ̀rọ inú ibẹ̀ lágbára, kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ìgbà òtútù tó kọjá. A kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń so wáyà, nítorí ẹni tó ń sùn nínú ọkọ̀ ti mọ ìyẹn. Àṣìṣe kan ni a ń rí ṣáá: ẹ wa ọkọ̀ lọ sọ́jà fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ padà, ẹ sì gbà pé bátìrì ti kún.

Kò kún. Bí ẹ bá lo bátìrì òjé 100Ah (Ah ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà pamọ́) dé ìdajì, 50Ah ni ẹ ní láti dá padà sínú rẹ̀, ìdá kan nínú márùn-ún tó kẹ́yìn sì máa ń fà kó tó wọlé, bó ti wù kí alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ fi ń ṣáàjì bátìrì, lágbára tó. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ wá ọgbà ìpàgọ́ tí wọ́n ti ń fún ọkọ̀ ní iná, kí ẹ fi ṣájà 10A (A ni ìwọ̀n bí iná ṣe ń ṣàn) sí i láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀. Kí bátìrì dé 14.4V (V ni fóltì tí mítà ń kà), kí ó sì wà níbẹ̀ títí iná tó ń wọlé yóò fi rẹlẹ̀ sí 2A. Ẹ má gbójú lé sólà: panẹ́ẹ̀lì tí a tẹ́ sórí ọkọ̀ kì í mú ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó ń mú wá ní oṣù Kẹfà wá ní oṣù Kejìlá.

Láàárọ̀, kí ẹ tó tan ohunkóhun, ẹ fi mítà wò ó. Ó kún bó bá jẹ́ 12.7V, ìdajì ni 12.2V. Bó bá ti rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ ṣáàjì rẹ̀, kì í ṣe ọ̀la. A ti sọ èyí títí ó fi sú wa.

Ẹ̀rọ amúlégbóná oní-dísẹ̀lì máa ń fa nǹkan bíi 10A nígbà tó bá ń gbiná. Bí bátìrì bá ti rẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, ẹ ó gbọ́ tí fáànù rẹ̀ yóò yí díẹ̀, tí yóò dákẹ́, tí yóò tún yí, tí yóò sì dákẹ́ pátápátá. Ìgbà yẹn ni ẹ máa ń sọ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kò ṣe nǹkan kan.

Ẹni tó bá ní bátìrì lithium kò gbọdọ̀ ṣáàjì rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù ju 0°C lọ. Kí ó kọ́kọ́ mú inú ọkọ̀ gbóná títí ara bátìrì fúnra rẹ̀ yóò fi kọjá 5°C.