Bí a ṣe ń bá oníbàárà mọ́gẹ́ẹ̀jì sọ̀rọ̀ kó yé e, láti orí fóònù dé orí áàpù

Ẹni tó bá fẹ́ yáwó ra ilé l'Ékòó lónìí lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Balógun kó fi fóònù kún fọ́ọ̀mù, kó fi BVN rẹ̀ síbẹ̀, kí èsì àkọ́kọ́ sì dé kó tó palẹ̀ ọjà mọ́. Ìyẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún ló máa fi san gbèsè náà, ilé ọ̀hún gan-an ló sì fi dógò. Gbèsè yìí ni à ń pè ní mọ́gẹ́ẹ̀jì. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ báǹkì mọ́gẹ́ẹ̀jì, ẹ̀yin alágbàtà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń dá oníbàárà lóhùn láti Marina títí dé Ìkẹjà ni a kọ èyí fún. Ohunkóhun tó bá kan iye owó, ọjọ́ tàbí ìwé ilé, ẹ fi ẹnu ṣàlàyé rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Èyí tí ẹ bá fò nínú méjèèjì, ibẹ̀ ni wàhálà máa gbà wọlé.

Ọjọ́ àkọ́kọ́

Ẹ béèrè nọ́ńbà tó so mọ́ BVN rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá òun náà ló ń lò fún WhatsApp. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní láìnì méjì, ìyá àgbà míì sì wà tó jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ló ń ka WhatsApp fún un. Ẹ béèrè èdè tó fẹ́ ka, àti bóyá ohùn ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju ìwé lọ. Ẹ béèrè aago tó dáa láti pè é. Oníṣòwò kì í ráyè nígbà tí ọjà bá gbóná. Ẹni tó ń wakọ̀ lórí Third Mainland ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kò lè gbọ́ iye owó kó yé e dáadáa. Lẹ́yìn náà, ta ni ẹ tún lè bá sọ̀rọ̀ lórí fáìlì rẹ̀? Ọkọ, aya, tàbí àbúrò tó wà ní London tó ń bá a dá owó? Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé lórí èyí. Láìsí ìyẹn, ẹ kò gbọdọ̀ sọ iye gbèsè rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọkọ rẹ̀ ló gbé fóònù.

Ẹ kọ bí a ṣe ń pè é sínú fáìlì pẹ̀lú. Àwọn áàpù tí a rà láti òkè òkun máa ń fi orúkọ gán-ín kí àgbàlagbà, bíi pé ọmọdé ni wọ́n ń bá wí. Ẹ ní kí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà yín fi àyè fún "mà", "sà", "Alhaja" tàbí "Bàbá" sínú ẹ̀rọ náà, kí ìkíni sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ káàárọ̀". Àgbà tí ẹ bá kí bó ṣe yẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Iye owó

Ibí yìí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ jù. Ẹ má fi ìdá ọgọ́rùn-ún nìkan sílẹ̀ fún oníbàárà. Ẹ fi náírà hàn án. Ẹ jẹ́ ká mú owó NHF, àkójọ owó ilé ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí Federal Mortgage Bank ń yá àwọn tó ń dá 2.5% owó oṣù wọn, ká sì sọ pé èlé rẹ̀ jẹ́ 6% lọ́dún. Ẹni tó bá yá ₦10,000,000 fún ọgbọ̀n ọdún máa san nǹkan bíi ₦59,955 lóṣù. Tó bá jẹ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fẹ́ fi san án, ó di ₦84,386. Tí ó bá gbọ́ méjèèjì, èyí tó kéré ló máa mú lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ àpapọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ti ọgbọ̀n ọdún tó nǹkan bíi ₦21,580,000, ti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ₦15,190,000. Ẹ dákẹ́ díẹ̀ kó lè rò ó.

Ẹ ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ padà: "Mà, ẹ bá mi tún un sọ, èló ni ẹ máa san lóṣù, ọjọ́ wo ló sì máa kúrò lákáǹtì?" Bó bá ṣì í sọ, ẹ̀yin lẹ ò ṣàlàyé dáadáa. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì ya owó míì tó máa ná sọ́tọ̀ kúrò nínú owó oṣù: owó àyẹ̀wò iye ilé, owó lọ́yà, owó ìfọwọ́sí gómìnà, owó adójútòfò. Tí ẹ kò bá dárúkọ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, oníbàárà á rò pé ẹ fi pamọ́ ni.

Àtẹ̀jíṣẹ́

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba lẹ́tà 160. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi ẹ, ọ, ṣ tàbí àmì ₦ sínú rẹ̀, ó máa já sí 70, ẹ̀rọ á sì pín in sí méjì tàbí mẹ́ta, owó rẹ̀ á sì lé. Yorùbá tó ní àmì ni ó tọ́ fún lẹ́tà, ímeèlì àti WhatsApp. Fún àtẹ̀jíṣẹ́ ìránlétí, ẹ lè kọ ọ́ láìlámì, kí ẹ fi N rọ́pò ₦:

"E kaaro ma. Owo ile yin ti osu yii je N59,955. Yoo kuro lakanti yin ni ojo 28. E pe wa bi ohun kan ko ba ye yin."

Ó wọ inú ojú ìwé kan ṣoṣo. Ẹ má fi línkì kankan sínú rẹ̀, nítorí línkì ni àwọn gbájúẹ̀ fi ń mú èèyàn.

Ìwé lórí WhatsApp

Tí oníbàárà bá fi fọ́tò C of O (ìwé ẹ̀rí ìní ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba) tàbí sọ́fè (ìwé ìwọ̀n ilẹ̀) ránṣẹ́ lásán, WhatsApp máa fún un pọ̀, àwọn nọ́ńbà bíkọ́nù (òpó tó ń sàmì sí ààlà ilẹ̀) àti nọ́ńbà ìwé á sì ṣókùnkùn. Ẹ kọ́ ọ láti tẹ àmì ìsomọ́, kó yan "Document", kó wá mú fáìlì náà níbẹ̀. Kó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì nítòsí fèrèsé, láìtan fláàṣì, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, fáìlì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti gbà á, ẹ dá a lóhùn pé ó dé, ẹ kó o sínú ẹ̀rọ iléeṣẹ́, kí ẹ sì pa á rẹ́ lórí fóònù yín. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ọdún 2023 ká iléeṣẹ́ yín mọ́: tí ìsọfúnni oníbàárà bá jò tó sì lè pa á lára, wákàtí 72 ni ẹ ní láti fi sọ fún àjọ tó ń bójú tó o.

Àwọn gbájúẹ̀

Wọ́n ń gba láìnì èèyàn nípa yíyí síìmù, ìyẹn ni pé wọ́n á gba síìmù tuntun sórí nọ́ńbà onítọ̀hún, wọ́n sì ń lo AI láti fi ohùn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ fún oníbàárà ní ìwé kan tó ní nọ́ńbà iléeṣẹ́ àti nọ́ńbà àkáǹtì tí yóò máa sanwó sí, kó fi í pamọ́ sílé. Ẹ sọ fún un pé a kì í fi WhatsApp yí àkáǹtì padà, a kì í sì í béèrè PIN tàbí OTP. Bí ẹnikẹ́ni bá ní àkáǹtì ti yí padà, kó gé ìpè náà, kó pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé. Ẹ̀yin náà, bí oníbàárà bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì míì, ẹ pe láìnì tó wà nínú fáìlì, kì í ṣe èyí tó fi ránṣẹ́ sí yín.

Ẹ̀rọ tó ń dáhùn fúnra rẹ̀ wúlò fún ìbéèrè bíi "ìwé wo ni mo ṣì jẹ yín?" Ẹ má jẹ́ kó sọ iye èlé tàbí bóyá wọ́n máa fọwọ́ sí owó, ó lè fi ìgboyà sọ irọ́. Bọ́tìnì tó ń gbé èèyàn lọ bá òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà lójú ìwé àkọ́kọ́.

Tí èlé bá lọ sókè

Ẹ kọ́kọ́ pè é kí lẹ́tà tó dé. Fún àpẹẹrẹ, ₦10,000,000 fún ogún ọdún tí èlé rẹ̀ gùn láti 20% sí 24% ní ìbẹ̀rẹ̀ gbèsè náà á kúrò ní ₦169,900 sí ₦201,700 lóṣù. Ẹ sọ pé ₦31,800 ló fi lé, ẹ sọ ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tó lè ṣe: kó san díẹ̀ lára gbèsè náà ṣáájú, tàbí kó béèrè bóyá a lè fi ọdún kún un. Lẹ́yìn náà ni ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ pẹ̀lú iye kan náà.

Láìnì iléeṣẹ́ ni kí ẹ máa fi ṣe gbogbo èyí, kì í ṣe láìnì ara yín. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá kúrò níbi iṣẹ́, kì í ṣe òun ló yẹ kó gbé ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta lọ. Kí òṣìṣẹ́ tuntun àti ti tẹ́lẹ̀ jọ pe oníbàárà lórí fídíò, kí wọ́n jọ ka ohun tó wà nínú fáìlì sétí rẹ̀, kó sì sọ bóyá bó ṣe rí nìyẹn.