Ẹ má tètè gbé agbárí síta: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìtàn adẹ́rùbani

Ọ̀dọ́ kan fi àkójọ ìtàn mẹ́jọ ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlà kejì ìtàn àkọ́kọ́ ni iwin ti yọ: ojú méje, ìwo mẹ́ta, iná ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo kà á, mo sì ń jẹ ẹ̀pà mi lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn: a kì í lè mú sùúrù kí a tó gbé ohun ẹ̀rù síta.

Ẹ rántí ọmọge tó tẹ̀lé arẹwà ọkùnrin kúrò lọ́jà, ìtàn tí Amos Tutuola náà pa nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní London lọ́dún 1952. Nígbà tí wọ́n wọ igbó tán ni ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀yà ara tó háyà padà. Ó yọ ẹsẹ̀ fún ẹni tó ni ẹsẹ̀, ó sanwó. Ó yọ ikùn, ó sanwó. Àyà, apá, ọrùn, títí tó fi ku agbárí lásán. Owó háyà yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, pé ó ń ṣe é wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń dá àga padà lẹ́yìn òde. Ká ní apàlọ́ ti sọ lọ́jà pé agbárí ni, kí ló kù tí a fẹ́ gbọ́?

Àwọn mìíràn rò pé ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀rù. Ìtàn kan wà tí Edgar Allan Poe, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1843. Apànìyàn ló ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó ń búra pé orí òun pé. Òru méje ló fi ń rọra ṣílẹ̀kùn bàbá arúgbó kan. Wákàtí kan gbáko ló ń gbà á kí orí rẹ̀ tó wọlé. Lóru kẹjọ ló pa á. Ẹ̀jẹ̀ kò ta sílẹ̀ rárá, ó ní ọpọ́n ti gbà á tán. Ọkàn bàbá náà tó ń lù kì-kì-kì lábẹ́ pákó ilẹ̀, tí àwọn ọlọ́pàá jókòó tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ lókè rẹ̀, òun ló ń dá jìnnìjìnnì boni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn amùjẹ̀ inú yìnyín sílẹ̀ fún àwọn tó ni wọ́n. Àkúdàáyà ńkọ́? Obìnrin kan kú nílé, ó lọ fẹ́ ọkọ níbòmíràn, ó ń tajà, títí ará ilé rẹ̀ fi yọ sí i lọ́jà lọ́jọ́ kan, tí obìnrin náà sì pòórá. Gbogbo ènìyàn ló máa ń kọ ìpòórá yẹn. Èmi, ọkọ ni mo ń rò: ta ló ti ń se ọbẹ̀ fún un láti ọdún mẹ́fà?

Ẹ má sì fi Èṣù ṣe Sàtánì. Ìtumọ̀ Bíbélì ló so wọ́n pọ̀, kì í ṣe àwọn babaláwo.

Ìparí “ló bá ta jí, àṣé àlá ni”? Jìbìtì ni.

Ó ku ètò ìtàn. Nínú mẹ́jọ tí ọ̀dọ́ yìí kọ, mẹ́jọ ló parí sí ikú, nígbà tí mo sì dé ìkẹta, mo ti ń ka òkú sílẹ̀ dè é. Mo ní kó fi èyí tí ẹnikẹ́ni ò ti kú sáàárín.

Ó ti tún ìtàn àkọ́kọ́ kọ. Iwin ò yọ mọ́. Abọ́ ẹ̀kọ kan ló kàn ń ṣófo láràárọ̀, nínú ilé tí opó kan ń dá gbé. Nígbà tí mo kà á tán, ẹ̀pà mi ṣì wà nílẹ̀.