Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Aládìrẹ Tí Ń Wá Olùtẹ̀lé Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ta àdìrẹ ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ló ti ní ojú ìwé lórí Facebook tàbí Instagram báyìí, àwọn mìíràn sì ń gbé fídíò sórí TikTok lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kí aṣọ wu ènìyàn lójú fóònù yàtọ̀ sí kí ó máa retí èyí tí ó kàn. Ènìyàn lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùtẹ̀lé kí ó má rí ẹni mẹ́wàá tí yóò béèrè ìgbà tí aṣọ tuntun yóò jáde nínú aró. Nínú ohun tí mo ti rí, àìmọ fóònù lò kọ́ ló sábà ń fa èyí.

Àṣìṣe tí ó burú jù lọ, lójú tèmi, ni kí aládìrẹ máa bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí ń ra àdìrẹ kò jọra rárá. Obìnrin Yorùbá tí ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó fẹ́ wọ àdìrẹ níbi ìsọmọlórúkọ, fẹ́ mọ̀ bóyá aṣọ náà yóò tètè dé, iye tí wọn yóò gbà lórí ẹrù, àti bóyá aró rẹ̀ yóò ṣí sára aṣọ funfun nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ìyẹn kọ́ ni ìṣòro télọ̀ tí ń ránṣọ ní Ìbàdàn. Iye yáàdì tí ó wà nínú ìdì kan, àti ẹ̀dínwó tí yóò rí bí ó bá kó ogún, ni tirẹ̀. Ẹni tí ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ gan-an yóò béèrè ẹni tí ó ya àwòrán Olókun tàbí Ìbàdàndùn tí ó wà lára aṣọ náà, bóyá ìyẹ́ adìẹ ni ó fi yà á, àbí páànù tí wọ́n gé ihò sí ni wọ́n fi tẹ ẹ̀kọ, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí aró wọ ibi tí ó bá wà, sí i lára. Bí ọ̀rọ̀ òní bá jẹ́ ti télọ̀, tí ti ọ̀la jẹ́ ti ìyá ìkókó, tí ti ọ̀túnla sì jẹ́ àwàdà tí kò kan aṣọ, kò sí ẹni tí yóò rí ìdí tí òun fi ní láti dúró, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, yóò tó ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó tún kàn án.

Ẹ mú irú ẹni kan, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi mọ ohùn yín. Abẹ́òkúta yìí kan náà ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn ní ọdún 1859, orúkọ ìwé náà gan-an ló sì ti sọ pé fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ni. Ẹ̀rù tí ń ba àwọn oníṣòwò ni pé bí àwọn bá ń bá télọ̀ nìkan sọ̀rọ̀, àwọn yòókù yóò lọ. Wọn kì í sábà lọ. Ẹni tí ó fẹ́ ra yáàdì márùn-ún péré máa ń fọkàn tán ẹni tí ó rí i pé àwọn télọ̀ fọkàn tán, nítorí ó mọ̀ pé wọn kì í ra aṣọ tí yóò dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwọn àti oníbàárà wọn.

Èyí tí ó tẹ̀lé e ni irọ́, mi ò sì ní fún un ní orúkọ mìíràn. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n fi àwòrán àdìrẹ sí lára, wà káàkiri ọjà, owó rẹ̀ kò sì tó ti iṣẹ́ ọwọ́. Títà á kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Pípè é ní iṣẹ́ ọwọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ aṣọ yóò yí i padà, yóò wo ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé aṣọ tí wọ́n rì sínú aró máa ń gba aró lójú méjèèjì, nígbà tí ẹ̀yìn èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ sábà máa ń funfun ju iwájú rẹ̀ lọ. Yóò tún wo ẹyẹ méjì tí ó wà lára aṣọ kan náà. Bí ìrù àwọn méjèèjì bá rí bákan náà gẹ́lẹ́, tí ìlà kan kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ́ ju èkejì lọ, kì í ṣe ọwọ́ ló yà á; ẹ̀rọ tàbí páànù tí wọ́n gé ihò sí ni. Ọjọ́ tí oníbàárà kan bá ṣe àyẹ̀wò yìí, tí ó sì gbé e síta, gbogbo ohun tí ẹ ti sọ ṣáájú, títí kan òótọ́ inú rẹ̀, ni àwọn ènìyàn yóò padà wá tú wò.

Ẹ̀yà irọ́ yìí kan náà ni kíkó àwòrán aṣọ ẹlòmíràn sójú ìwé ẹni. Ẹ̀yà rẹ̀ tí kò tilẹ̀ jọ irọ́ ni kí a máa fi fóònù kun àwòrán títí aró tí ó pọ́n dúdú yóò fi di búlúù tí ń tàn yanran, tí oníbàárà yóò sì rò pé aṣọ mìíràn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun. Ẹ ya aṣọ náà níta ní òwúrọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn ọ̀sán má baà mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ gidi ló tún máa ń fi iṣẹ́ náà pamọ́. Aṣọ tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n ti ká, nìkan ni wọ́n ń fi hàn, pẹ̀lú orin tí gbogbo ènìyàn ń lò lọ́sẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀, bí a bá yọ aṣọ kúrò nínú ìkòkò aró elú, àwọ̀ ewé ló máa ń gbé jáde; ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í di aró lójú ẹni, láti etí aṣọ wọ inú. Kò sí orin tí ó yẹ kí a tún fi kún un. Ẹ gbé fóònù dúró sí ibì kan, ẹ má sọ ohunkóhun títí àwọ̀ yóò fi yí, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi ní láti tún un rì. Bí ẹ̀kọ bá sán lọ́jọ́ kan, tí aró sì wọ ibi tí a fẹ́ kó funfun, ẹ fi ìyẹn náà hàn, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ ó yọ kúrò lórí owó rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ tí ẹ dárúkọ àbùkù aṣọ kan ni yóò gbà yín gbọ́ nígbà tí ẹ bá ní èyí tí ó kàn dára.

Ọ̀rọ̀ tí a ń kọ sábẹ́ àwòrán náà nílò àtúnṣe. Mo ti rí èyí tí kò dárúkọ aṣọ, tí kò dárúkọ ìlú, àfi ìyìn tí ènìyàn lè lẹ̀ mọ́ bàtà tàbí fíríìjì láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Ẹ̀rọ tí ń báni kọ̀wé sì ti mú kí irú rẹ̀ pọ̀ sí i. Bí ẹ bá ń sọ Yorùbá fún oníbàárà yín ní ìsọ̀, ẹ sọ ọ́ fún wọn níbẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ ríra olùtẹ̀lé tàbí fífi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ kò gùn. YouTube kì í pín owó ìpolówó fún ènìyàn àfi tí ó bá ní 1,000 olùforúkọsílẹ̀ pẹ̀lú wákàtí 4,000 tí àwọn ènìyàn fi wo fídíò rẹ̀ láàárín oṣù 12, tàbí kí wọ́n wo àwọn fídíò kéékèèké rẹ̀ ní ìgbà mílíọ̀nù 10 láàárín 90 ọjọ́. Àwọn kan wá ń ṣe pàṣípààrọ̀: wá forúkọ sílẹ̀ fún mi, kí èmi náà forúkọ sílẹ̀ fún ọ. Yàtọ̀ sí pé YouTube kò fàyè gba èyí, ìṣirò rẹ̀ kò jáde, nítorí pé wákàtí mẹ́rin ni ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún náà yóò ní láti fi wò yín, ẹni tí ó sì forúkọ sílẹ̀ nítorí àtigba tirẹ̀ padà kò ní wo ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Kí a pàtẹ aṣọ, kí a wá ní kí ẹni tí ó fẹ́ mọ iye rẹ̀ wá sí DM, ìyẹn kí ó fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ síni, tún jẹ́ àṣà tí mi ò mọ ẹni tí ó dá a sílẹ̀. Ó ń jẹ́ kí oníbàárà rò pé ojú ẹni ni wọ́n fi ń dá iye lé aṣọ, kò sì bá òfin mu, torí pé òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà ní kí oníṣòwò fi iye ọjà hàn níbi tí ó bá pàtẹ rẹ̀ sí. Bí iye bá yàtọ̀ nítorí yáàdì tàbí iṣẹ́ ara rẹ̀, ẹ kọ iye tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí ó ń mú un lọ sókè.

Àṣìṣe tí ó kù máa ń fara pamọ́ títí ọjọ́ burúkú yóò fi dé, òun ni kí a kó gbogbo olùtẹ̀lé sí ojú kan ṣoṣo. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni ìjọba Nàìjíríà ti Twitter pa, ó sì di oṣù Kìíní ọdún 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Ẹni tí ó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni oníbàárà ti mọ̀ ọ́n jókòó fún oṣù méje. Láàárín àkókò yẹn náà, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ pọ̀ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kan náà ló ni wọ́n.

Ìdí nìyí tí ìwé orúkọ tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ fi ṣe pàtàkì: orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà rẹ̀, aṣọ tí ó rà kẹ́yìn. Ẹ rántí pé bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà lórí WhatsApp láti inú àtòjọ, àwọn tí wọ́n ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù wọn nìkan ni yóò rí i gbà, bẹ́ẹ̀ àtòjọ kan kì í gbà ju 256 ènìyàn lọ. Torí náà, ìgbà tí oníbàárà bá ń sanwó lọ́wọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀ ẹ́ kí ó fi nọ́ńbà yín pamọ́, kí ẹ sì béèrè bóyá ó fẹ́ máa gbọ́ nípa aṣọ tuntun. Ẹ má ṣe kó nọ́ńbà àwọn ẹlẹ́bí láti ibi ayẹyẹ kan, kí ẹ wá da gbogbo wọn sínú gúrúùpù láìsọ fún wọn. Nàìjíríà ti ní òfin ààbò dátà láti ọdún 2023, kódà kí òfin náà má sí, ariwo àwọn tí wọ́n ń bínú jáde lọ́kọ̀ọ̀kan ni àwọn tó kù yóò kọ́kọ́ rí nínú gúrúùpù náà kí wọ́n tó rí aṣọ.