Bí Mo Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Aago Mẹ́tàdínlógún

17:20 ló wà lára tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè mi. Èmi kà á sí aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ìgbà tí mo fi máa ru àdìrẹ tí mo rà n'Ítòkú l'Abẹ́òkúta dé ibùdókọ̀ Láderin, ọkọ̀ ti lọ tipẹ́. Ojú tì mí.

Àbúrò mi ló là mí lóye: "Ẹ̀gbọ́n, tó bá ti ju méjìlá lọ, ẹ yọ méjìlá kúrò." Márùn-ún ló kù!

Mo gé páálí róbótó yí aago ògiri ká, mo fi báírò kọ 13 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 1, 14 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 2, títí dé 23. Méjìlá òru ló ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, 00:00 ni wọ́n ń kọ ọ́. Ta ló tiẹ̀ ń wọkọ̀ nígbà yẹn?

Lọ́jọ́ Sátidé, aago márùn-ún ò tíì lù tí mo ti jókòó síbẹ̀.